Bàbá Èwo-Níbẹ̀, Ògbufọ̀ Tí Kì Í Méfò

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ló wà nínú gbólóhùn tó sọ Bàbá Èwo-Níbẹ̀ di ìlú-mọ̀ọ́ká. Iléeṣẹ́ kan tó ń ṣe ẹ̀rọ tó ń fa omi ló gbé ìwé pẹlẹbẹ kan wá sí ọ́fíìsì àwọn ògbufọ̀, pé kí wọ́n bá àwọn tú u láti èdè Gẹ̀ẹ́sì sí èdè Ítálì, nítorí àwọn oníbàárà tó ń sọ èdè Ítálì ni wọ́n fẹ́ kó ẹ̀rọ náà ránṣẹ́ sí. Ìwé náà kò nípọn. Bàbá jókòó tì í láti àárọ̀, ó ń kùn bí oyin bó ti máa ń ṣe nígbà tí iṣẹ́ bá ń lọ déédéé, títí ó fi dé ìsàlẹ̀ ojú ìwé tó gbẹ̀yìn. Ibẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí pé, "Clean every spring." Kíkùn dáwọ́ dúró. Atẹ̀wé tó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé gbójú sókè, ó ní, "Ó ti dé."

Kí ẹni tí kò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì lè mọ ohun tó dé, ẹ jẹ́ ká tú u wò. "Clean every" kò ní wàhálà kankan, ó ń sọ pé kí a fọ nǹkan mọ́. "Spring" ni oníyọnu. Irin tó ká bí ìkarahun ìgbín, tó jẹ́ pé bí a bá tẹ̀ ẹ́ yóò ta padà, "spring" ni Gẹ̀ẹ́sì ń pè é. Ibi tí omi ti ń sun jáde láti inú ilẹ̀, "spring" náà ni. Ìgbà tí òtútù ń kásẹ̀ nílẹ̀ tí ewé tuntun ń yọ, "spring" náà ni. Èdè Ítálì kì í gba irú ìmẹ́lẹ́ bẹ́ẹ̀. Irin ní orúkọ tirẹ̀, "molla". Omi ní tirẹ̀, "sorgente". Ìgbà ìrúwé ní tirẹ̀, "primavera". Ẹ sì wá wò ó: ẹ̀rọ tó ń fa omi ni, irin kíká wà nínú rẹ̀, etí ìsun omi ni wọ́n ń gbé e sí, ọdọọdún ló sì yẹ kí wọ́n tún un ṣe. Ìtumọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló wọlé, kò sí èyí tó kan ilẹ̀kùn.

Ọ̀gá ọ́fíìsì, obìnrin kan tí kì í fẹ́ kí iṣẹ́ àwọn oníbàárà sun tábìlì, rìn wá. Ó ní, "Bàbá, ẹ sáà mú ọ̀kan níbẹ̀."

"Èwo níbẹ̀?"

"Èyí tó bá wù yín."

"Bí mo bá mú èyí tó wù mí, tí ẹnì kan wá ń fọ irin nígbà tó yẹ kó máa fọ ojú ìsun, tí ọmọ rẹ̀ mu omi ìdọ̀tí, ṣé mo máa sọ fún ọmọ náà pé ohun tó wù mí nìyẹn?"

Ọ̀gá lọ gbé tẹlifóònù fún un fúnra rẹ̀.

Ẹni tó ń ta ẹ̀rọ náà ló kọ́kọ́ gbé e ní iléeṣẹ́. Ó ní, "Ìgbà ìrúwé ni. Ta ni kò mọ ìyẹn?" Ó fún ẹnjiníà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹnjiníà ní, "Irin inú ẹ̀rọ ni. Ta ni kò mọ ìyẹn?" Làwọn méjèèjì bá dojú kọ ara wọn. Bàbá gbé tẹlifóònù lé orí tábìlì, ó mu tíì rẹ̀ tán, ó fọ ife, ó padà wá, wọ́n ṣì wà lórí ẹ̀. Nígbẹ̀yìn, ẹni tó ni iléeṣẹ́ gan-an gba tẹlifóònù náà lọ́wọ́ wọn. Ó ní láti ọjọ́ tí òun ti dá iléeṣẹ́ sílẹ̀, òun rò pé omi ni wọ́n ń sọ.

Wọ́n ní ẹni tó kọ ọ́ ti fẹ̀yìn tì, pé ọ̀dọ̀ ọmọ rẹ̀ obìnrin ló ń gbé ní ìpẹ̀kun ìlú. Bàbá dé fìlà, ó wọ bọ́ọ̀sì. Ó bá bàbá arúgbó náà níbi tó ti ń bu omi sí àwọn ìkòkò òdòdó. Ó na ìwé sí i. Arúgbó náà gbé e jìnnà sí ojú, ó kà á, ó mi orí. "Gbólóhùn tó dáa ni. Ta ló kọ ọ́?"

"Ẹ̀yin ni wọ́n ní ẹ kọ ọ́, sà."

Arúgbó náà ronú títí omi fi kún inú ìkòkò tó sì ń ṣàn dà sí bàtà rẹ̀. "Áà, mo ti rántí. Àyè díẹ̀ ṣẹ́kù nísàlẹ̀ ojú ìwé yẹn. Ọ̀gá mi ní kí n wá nǹkan fi dí i."

Bàbá padà sí ọ́fíìsì, ó sì ṣe ohun tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀ sí. Ó kọ ọ́ ní èdè Ítálì pé kí wọ́n fọ àwọn irin kíká, kí wọ́n gbá ojú ìsun omi mọ́, kí wọ́n sì máa ṣe méjèèjì bí ìgbà ìrúwé bá ti dé. Ẹni tó ni iléeṣẹ́ bínú pé ọ̀rọ̀ mẹ́ta ti di odindi ìwàásù. Ṣùgbọ́n bí ọjọ́ ti ń gorí ọjọ́, ó rí i pé ẹ̀rọ àwọn oníbàárà tó ń ka Ítálì kì í bàjẹ́ mọ́, tí ti àwọn tó ń ka Gẹ̀ẹ́sì sì ń dákú lójoojúmọ́. Ló bá tún gbé ìwé náà padà wá sí ọ́fíìsì, ó ní kí Bàbá jọ̀ọ́, kó bá òun tú ti Ítálì padà sí Gẹ̀ẹ́sì.

Ọkùnrin gíga, pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni Bàbá, ó máa ń tẹ orí sí ẹ̀gbẹ́ kan bí adìyẹ tó gbọ́ ìró. Òkè ṣọ́ọ̀bù ẹni tó ń gé kọ́kọ́rọ́ ni ọ́fíìsì wọn wà, gbogbo ọjọ́ ni irin sì ń han lábẹ́ wọn. Ó ní kò sí ibi tó yẹ ògbufọ̀ jùyẹn lọ. "Àwọn tó wà nísàlẹ̀ yìí ń gé kọ́kọ́rọ́ tí yóò ṣí ilẹ̀kùn kan ṣoṣo. Ẹ gbọ́, ẹ má jowú wọn."

Kì í ṣe inú yàrá ìkàwé ló ti kọ́kọ́ kọ́ èdè Ítálì. Nígbà tó wà ní ọ̀dọ́, ọ̀dọ̀ àwọn bíríkìlà tó ń sọ èdè náà ló ti ń ṣe lébìrà. Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀ tó kọ́ nílé ìwé ló fi ń gbọ́ wọn, bí ọ̀rọ̀ wọn bá ti jọ ti Gẹ̀ẹ́sì, á ní òun ti mọ̀ ọ́n. Lọ́jọ́ kan, ọ̀gá bíríkìlà nàka sí garawa omi kan, ó ní "calda." Létí ọ̀dọ́mọkùnrin wa, "cold" ni, omi tútù. Ọwọ́ rẹ̀ sì dọ̀tí. Ó ti ọwọ́ méjèèjì bọ inú garawa náà dé ìgbọ̀nwọ́. Bí a bá wá ẹni tó lè sọ ìtumọ̀ "calda" láì yẹ ìwé wò, òun ni, nítorí omi gbígbóná ni.

Bí ara ọwọ́ rẹ̀ ṣe ń jinná ló pinnu pé òun yóò kọ́ èdè náà dé gbòǹgbò, pé títí òun yóò fi kú, òun kò tún ní méfò. Ó lọ sí yunifásítì, ó jókòó pẹ̀lú àwọn tó kéré sí i lọ́jọ́ orí, ó sì jáde pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí tó dáa. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan ṣoṣo ló kó jáde níbẹ̀ tó wúlò fún un, "Èwo níbẹ̀?" Ó ń bi oníbàárà, ó ń bi akọ̀wé báńkì, ó ń bi awakọ̀. Àwọn aládùúgbò kò tilẹ̀ mọ orúkọ mìíràn tó ń jẹ́ mọ́.

Ohun tó ba àwọn ènìyàn lẹ́rù ni pé kì í fi mọ sórí Gẹ̀ẹ́sì. Lọ́jọ́ tó gbé ìyàwó, aránṣọ kan tó ní ẹ̀rín lẹ́nu tó sì ní ahọ́n tó mú bí abẹ́rẹ́ rẹ̀, akọ̀wé ìgbéyàwó bi í níwájú gbogbo ẹbí pé, "Ṣé o fẹ́ obìnrin yìí?" Ọkọ ìyàwó tẹ orí sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ìyá ìyàwó di àpò rẹ̀ mú. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó ti bẹ̀rẹ̀ sí í wo ẹnu ọ̀nà, bóyá kí òun lọ dí i.

Ọkọ ìyàwó ní, "Ẹ má bínú, sà. Fẹ́ wo ni ẹ ní lọ́kàn? Fẹ́ tí a fi ń fẹ́ omi mu ni, àbí fẹ́ tí a fi ń fẹ́ràn ènìyàn, àbí fẹ́ tí a fi ń fẹ́ná?"

Akọ̀wé náà yẹ ìwé rẹ̀ wò, kò rí i níbẹ̀. Ìyàwó ló gbà á sílẹ̀. Ó ní, "Sọ fún wọn pé bẹ́ẹ̀ ni sí gbogbo rẹ̀, ká lè lọ jókòó. Bàtà yìí ń há mi."

Ẹni tó bá rò pé obìnrin náà jìyà lọ́dọ̀ rẹ̀, kò mọ̀ ọ́n. Òun ló máa ń sọ ìtàn eku fún gbogbo àlejò tó bá wọlé. Ó ní eku kan yọ láti ẹ̀yìn àpótí ní ilé ìdáná, òun sì fò sórí àga, òun pariwo pé, "Pa á." Ọkọ òun gbéwèé tó ń kà sílẹ̀, ó ní, "Èwo níbẹ̀? Iná ni kí n pa, àbí ilẹ̀kùn ni kí n pa dé, àbí ẹnu ni kí n pa mọ́?" Òun ní, "Eku." Ó ní, "Ṣé o wá rí i báyìí? Ká ní o ti dárúkọ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀." Nígbà tí wọ́n fi yanjú ọ̀rọ̀ náà, eku ti jẹ búrẹ́dì tó wà lórí tábìlì, ó sì ti gba ọ̀nà tó bá wá padà lọ, ọ̀nà ara rẹ̀ sì dá a lójú.

Ọjọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n rí i tó parí iṣẹ́ ṣáájú gbogbo ayé. Iṣẹ́ láti èbúté ni, ọ̀rọ̀ tó kún inú rẹ̀ sì ni "crane." Ní Gẹ̀ẹ́sì, ẹyẹ kan wà tí ẹsẹ̀ àti ọrùn rẹ̀ gùn tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ̀rọ tó ń gbé ẹrù wúwo sókè ní èbúté náà sì ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Atẹ̀wé ti gbé tẹlifóònù sún mọ́ ọn láti ràn án lọ́wọ́. Bàbá tì í padà. Ayọ̀ ń dán lójú rẹ̀ bí ojú ọmọ tó jí rí i pé kò sí ilé ìwé. Èdè Ítálì náà fi orúkọ kan ṣoṣo pe méjèèjì, "gru."

Ọ̀gá ní, "Bàbá, ẹ ò ní béèrè lọ́wọ́ wọn lónìí?"

Ó ń wọ bàtà rẹ̀. "Fún kí ni? Kódà bó bá jẹ́ ẹyẹ ni wọ́n fi ń gbé sìmẹ́ǹtì ní èbúté yẹn, ohun tí mo kọ tọ̀nà."

Àmọ́ ọjọ́ wà tí ìbéèrè rẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Ọsibítù ìlú ló ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì pé kí ògbufọ̀ kan máa bọ̀ kíákíá. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń kọ́lé ló já láti orí àkàbà, egbò ẹsẹ̀ rẹ̀ sì jìn. Ìyá rẹ̀ wọkọ̀ ojú omi láti ìlú òkèèrè wá tọ́jú rẹ̀, èdè Ítálì nìkan ni òun àti ọmọ náà sì gbọ́. Káàdì kan wà lẹ́sẹ̀ bẹ́ẹ̀dì ọmọ náà tí àwọn nọ́ọ̀sì ń fi Gẹ̀ẹ́sì kọ nǹkan sí. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, wọ́n kọ "Discharge: clear" sí i. Aláìsàn tó wà ní bẹ́ẹ̀dì kejì, ènìyàn rere, fi fóònù rẹ̀ wá ìtumọ̀ "discharge" fún ìyá náà ní Ítálì. Fóònù ní ó túmọ̀ sí pé kí aláìsàn máa lọ sílé.

Nígbà tí Bàbá fi máa dé, ìyá ti di ẹrù. Ó ti wọ bàtà kan sí ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀ tó le. Bàtà kejì ló wà láàárín òun àti nọ́ọ̀sì, wọ́n ń fà á mọ́ ara wọn lọ́wọ́, ẹnì kan ń sọ Ítálì, ẹnì kejì ń sọ Gẹ̀ẹ́sì, ọmọ náà sì ń wo òrùlé.

Bàbá ka káàdì náà. Ó ní, "Nọ́ọ̀sì, ẹ má bínú. Èwo níbẹ̀?"

Láti ìdájí ni nọ́ọ̀sì ti wà lórí ìdúró. "Èwo nínú kí ni, Bàbá?"

"'Discharge' tí ẹ kọ. Ṣé ti aláìsàn tó ń jáde lọ sílé ni, àbí ti omi tó ń jáde lójú egbò?"

Nọ́ọ̀sì wo káàdì, ó wo bàtà, ó wo ìyá náà. Ó rọra fi bàtà sílẹ̀. "Omi ojú egbò ni. Ó ti mọ́ gaara láti àárọ̀, ọyún ti kúrò níbẹ̀. Ara rẹ̀ ń yá. Ṣùgbọ́n bó bá fi ẹsẹ̀ yẹn rìn báyìí, egbò náà á tún ya."

Òtítọ́ ti wá jáde, ṣùgbọ́n ta ni yóò gbé e lọ bá ìyá tó ti di ẹrù ọmọ rẹ̀ tán? Bàbá fa àga, ó jókòó kí ojú wọn lè ṣe déédéé. Ó fi Ítálì sọ fún un pé, "Ìyá, ohun méjì ló ń jáde nílé yìí. Ọyún ló kọ́kọ́ tò sórí ìlà, ó sì ti jáde lónìí, kò ní padà wá mọ́. Ọmọ yín ló kàn."

Ìyá náà béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá ó dá a lójú, tàbí ó kàn fẹ́ kí òun jókòó jẹ́jẹ́.

"Bí kò bá dá mi lójú, ma ò ní sọ ọ́. Ẹ bi ìyàwó mi léèrè."

Omijé ń bọ́ lójú obìnrin náà, ó sì rẹ́rìn-ín. Ó tún ẹrù tú. Láti ọjọ́ náà, bí Bàbá bá ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́ nírọ̀lẹ́, ọsibítù ló ń gbà lọ. Kò sẹ́ni tó rán an. Ó ń tú ọ̀rọ̀ dókítà fún ìyá náà, bí dókítà kò bá sì sí nítòsí, wọ́n á jọ máa tàkúrọ̀sọ nípa ìrèké àti ìrora orúnkún. Ìyá náà sọ fún un lọ́jọ́ kan pé Ítálì rẹ̀ dán, àmọ́ pé bí àwọn bíríkìlà ayé ìgbà èwe òun ló ṣe ń sọ̀rọ̀, pé òun tilẹ̀ ń gbọ́ ariwo ṣọ́bìrì nínú rẹ̀. Bàbá gbé ìyẹn délé bí ẹni tó gba àmì ẹ̀yẹ.

Egbò náà jinná. Ní ìrọ̀lẹ́ kan, nọ́ọ̀sì yẹn ti rí i láti ìpẹ̀kun wọ́ọ̀dù, ó sì sọ ọ́ sókè pé, "Discharge." Bàbá la ẹnu.

Nọ́ọ̀sì ní, "Ti ilé ni, Bàbá. Ti ilé. Mo ti kọ ọ́ síbẹ̀ lẹ́kùn-ún rẹ́rẹ́ kí ẹ tó dé."

Lóòótọ́, ó ti kọ ọ́ ní gbólóhùn gígùn, pé aláìsàn yìí, kì í ṣe omi, ló ń lọ sílé. Gbogbo wọ́ọ̀dù rẹ́rìn-ín. Ọmọ náà fi ọ̀pá rìn jáde lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀, ìyá rẹ̀ dì í lápá mú, Bàbá sì ru àpò tẹ̀ lé wọn dé ibi ọkọ̀. Títí di òní, bí nọ́ọ̀sì tuntun bá dé wọ́ọ̀dù yẹn, wọ́n á kọ́ ọ pé kó má ṣe kọ ọ̀rọ̀ yẹn ní òun nìkan, kó fi ohun tó ń jáde kún un.

Bàbá dàgbà, irun rẹ̀ funfun, ó sì ń ṣiṣẹ́ bọ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ ìsinmi kan, lẹ́yìn oúnjẹ, ó fẹ̀yìn lélẹ̀, ó sùn, kò sì jí mọ́. Ìyàwó rẹ̀ sọ fún àwọn tó wá kí i pé nínú gbogbo ọdún tí òun fi bá a gbé, ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí yóò lọ síbì kan láì kọ́kọ́ béèrè pé ọ̀nà wo níbẹ̀.

Ní ọ́fíìsì, Ọ̀gá rí i pé kò yẹ kí àwọn oníbàárà máa gun àtẹ̀gùn wá kí wọ́n tó gbọ́ irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ lójijì. Ó mú bébà funfun kan, ó kọ ọ́ sí i ní Gẹ̀ẹ́sì pé, "We miss him," ó sì gbé e fún atẹ̀wé, nítorí Bàbá ti kọ́ ọ ní Ítálì díẹ̀díẹ̀ láàárín ọdún tí wọ́n fi jọ jókòó. Ó ní kó kọ ti Ítálì sí i kí àwọn lọ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn.

Atẹ̀wé jókòó tì í, ó pẹ́. Ọ̀gá padà wá. "Ṣé ó le ni?"

"Kò le, mà. Ẹni tó sọ òkò tí kò bà, 'miss' ni. Ẹni tí bọ́ọ̀sì fi sílẹ̀, 'miss' ni. Mo mọ̀ pé ẹni tí àárò ènìyàn ń sọ ni tiwa. Ṣùgbọ́n ní Ítálì, ọ̀rọ̀ náà máa yí padà. Ní Gẹ̀ẹ́sì, àwa là ń ṣe é. Ní Ítálì, 'Ci manca,' òun ló ń ṣe é sí wa."

"Ẹni tí kò sí mọ́ ló ń ṣe é?"

"Òun gan-an, mà."

"Nínú èdè tiwa ńkọ́?"

"Àárò ló ń ṣe é. Àárò rẹ̀ ń sọ wá. Àwa kàn jókòó síbẹ̀ ni."

Ọ̀gá fi ẹ̀yìn ti ògiri. Ẹ̀rín kékeré kan bẹ̀rẹ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ó ní, "Kọ ti Ítálì sókè, kí lẹ́tà rẹ̀ tóbi. Bó bá jẹ́ pé òun ló ń ṣe é, a jẹ́ pé ó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́."

Ìyàwó rẹ̀ dé lọ́sàn-án ọjọ́ náà láti wá kó ẹrù rẹ̀. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó béèrè ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀. Atẹ̀wé tú u fún un bó ti tú u fún Ọ̀gá. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí àga ọkọ rẹ̀, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ó sì ní kí wọ́n tún tú u fún òun lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ó kó ife, ó kó ìwé atúmọ̀, ó kó bàtà tó máa ń wọ̀ lábẹ́ tábìlì. Ó ku kádígàànì aláwọ̀ eérú tí òun fúnra rẹ̀ hun fún un, tó wà ní ẹ̀yìn àga. Ó mú un sọ́wọ́, ó tẹ́ apá rẹ̀ dáadáa, ó sì tún dá a padà sẹ́yìn àga.

Ó ní, "Ẹ jẹ́ kí èyí wà níbẹ̀. Ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́, kí òtútù má baà mú un."